Òfin Ìdọ́gba tó Lé Ìyá Mi Nílé

Lọ́ọ́yà kan wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì láìbìkítà fún aṣọ funfun tó wọ̀, ó sì gbé ọsàn wá. Ọmọ-ọmọ Bàbá Tíṣà ni. Kó tó sọ ẹni tó jẹ́ ni mo ti rí imú bàbá rẹ̀ àgbà lójú rẹ̀, ọsàn náà sì ti kan lẹ́nu mi kí n tó fi ẹnu kàn án.

Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ gbọ́ òfin ilẹ̀ wa tuntun tí wọ́n ń ṣàlàyé lórí rédíò?"

Mo ní mo gbọ́. Mo ní ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, kì í ṣe etí.

"Ẹ gbọ́ ibi tí wọ́n ti ní ọmọ ìlú kan kò ju ọmọ ìlú kan lọ? Pé wọn ò ní jẹ́ kí ọrọ̀ ilẹ̀ yìí bọ́ sọ́wọ́ àwọn díẹ̀ kí ìyà máa jẹ àwọn yòókù?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Bàbá wa àgbà ti kọ ọ́ ṣáájú wọn, Màmá! Nínú agbolé lásán, nígbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn wá. Ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ wà níbẹ̀."

Mo wà níbẹ̀. Ó ní àwọn ti tún gbọ̀ngàn àtijọ́ tó wà lẹ́yìn agbolé ṣe, àwọn fẹ́ fi orúkọ bàbá àgbà náà sára ògiri rẹ̀, àwọn fẹ́ kí èmi kọ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò kà lọ́jọ́ tí wọn yóò ṣí aṣọ lójú orúkọ náà. Ó ní èmi nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ní, "Ó tọ́ yín dàgbà, ó fi yín síléèwé."

Mo ní n óò kọ ọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó bó ọsàn fún mi. Ohun tí mo kọ nìyí.

Agbolé wa wà láàrin Bẹẹrẹ àti Beyerunka. Mọ́gàjí ni olórí rẹ̀, arúgbó kan tó ń kírun déédéé. Jagunjagun ni bàbá Mọ́gàjí, ó sì kó ènìyàn wálé láyé ogun bí ẹni ń kó iṣu wọ àká. Àwọn tó kó wálé ni wọ́n ń gbé ẹ̀yìn agbolé, níbi tí ògiri ti kọjú sí ààtàn. Ìyá ìyá mi wà lára wọn. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá mi, ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ọmọ ẹ̀yìn ilé bíi tirẹ̀ sì ni ọkọ náà. Ọkọ yẹn ni bàbá mi. Ó kú kí n tó lè dá ojú rẹ̀ mọ̀.

Nígbà tí mo gbọ́njú, òyìnbó ti ní kò sí ẹrú mọ́. Nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í pè wá lẹ́rú. Ará ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń pè wá. Bí ọmọ kan bá fẹ́ bú mi, yóò kàn rẹ́rìn-ín pé, "Ẹ̀yìn ilé ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?" Èmi yóò sì mọ̀ pé ó ti bú mi dé orí ìyá ìyá mi.

Mi ò ní parọ́ pé ayé yẹn dára. Wọ́n ń fi wá ránṣẹ́ bí ẹni fi ajá dẹ̀gbẹ́. Àmọ́ ohun méjì wà tí ọmọ bíbí inú agbolé kankan kò lè gbà lọ́wọ́ wa. Bí wọ́n bá pa ẹran ọdún, ọrùn rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀yìn ilé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, àwọn ọkùnrin iwájú ilé gbọ́dọ̀ wá fi koríko tuntun bo orí ilé wa kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Mọ́gàjí fúnra rẹ̀ a máa dúró tì wọ́n pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ráhùn, á ní, "Ẹni tó kó ènìyàn wálé ni í bo ilé lé e lórí." Kì í ṣe ìfẹ́. Bó ṣe ń bo ilé ẹṣin rẹ̀ náà ló ṣe ń bo tiwa. Ṣùgbọ́n òjò kì í bi òrùlé bóyá ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é.

Ìyá mi sì nílò òrùlé ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ọṣẹ ló ń sè. Ọṣẹ dúdú. Á sun èèpo kòkó di eérú, á da eérú sínú ajere, ìkòkò onídìí lílu, á da omi sí i lórí, omi náà á máa kán pupa sínú ìkòkò, ìyẹn ló ń fi se àdín títí tí yóò fi dì. Gbogbo òwò rẹ̀, gbogbo ohun tí à ń jẹ, inú eérú gbígbẹ ló wà. Òjò kan ṣoṣo tó bá wọ inú àpò eérú ti jẹ ọṣẹ tó wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìyá mi fi ń wo òkè nígbà gbogbo bí ẹni tí ó jẹ ọ̀run ní gbèsè.

Ọmọ ìdílé Mọ́gàjí ni Bàbá Tíṣà. Ó kàwé nílé ẹ̀kọ́ míṣọ́n, ó di tíṣà, ó padà wálé pẹ̀lú bàtà tó ń dún àti ìwé ìròyìn láti Èkó. Inú ìwé ìròyìn náà ló ti kà nípa ilẹ̀ òtútù kan níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti lé ọba wọn tí wọ́n sì pín ilẹ̀ rẹ̀ fún tálákà. Ó kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, àwọn onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí pa pọ̀, wọ́n ń fi ìka na ara wọn lójú, wọ́n ń pariwo ìdọ́gba títí àwọn aya wọn yóò fi gbé oúnjẹ wá bá wọn. Kò sí ẹni tó ń dìde gba àwo lọ́wọ́ wọn.

Òun náà ló kọ́ mi ní ìwé. Mi ò ní sẹ́ ẹ. Ó rí mi lẹ́bàá ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mo ń fẹnu pe ọ̀rọ̀ tó kọ sójú pátákó, ó gbé síléètì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa wá. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé kí n máa kàwé sókè. "Ẹni tó bá ń kàwé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, olè ni," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Láàrin ọdún díẹ̀ kò sí ọmọ tó lè kàwé já gaara bíi tèmi ní gbogbo agbolé, títí kan àwọn ọmọ tirẹ̀. Èyí kò dùn mọ́ ìyàwó rẹ̀ nínú.

Nígbà tí wọ́n parí òfin wọn, wọ́n pe gbogbo agbolé jọ lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n tó kírun alásàrí. Bàbá Tíṣà dúró láàrin àgbàlá. Ó wọ kóòtù nínú oòrùn yẹn. Òfin Ìdọ́gba ló pe ìwé náà. Abala kìíní rẹ̀ ni pé kò sí ẹrú, kò sí ọmọ, nínú agbolé yìí. Gbogbo wa dọ́gba. Abala kejì ni pé gbogbo ọmọ jẹ́ ọmọ gbogbo wa. Abala kẹta ni pé a óò jọ tún agbolé kọ́ ní àáró, yàrá kọ̀ọ̀kan yóò mú ọkùnrin kan wá sí iṣẹ́, iṣẹ́ kan náà, èrè kan náà. Yàrá tí kò bá mú ọkùnrin wá kò ní pín nínú rẹ̀.

Mọ́gàjí tẹ́tí títí ó fi tán. Ó wá ní, "Tíṣà, ṣé èmi náà dọ́gba?"

"Ẹ dọ́gba, Bàbá."

"Èmi àti ta ni?"

"Ẹ̀yin àti gbogbo wa, Bàbá."

"Ẹni tó ń kó ìgbẹ́ ẹṣin mi ńkọ́?"

"Òun náà, Bàbá."

"Ẹ lọ pè é kó wá jókòó síbí o. Èmi fẹ́ lọ kó ìgbẹ́, ó ti ń rùn."

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ Mọ́gàjí ti àtàǹpàkò bọ yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ síwèé. Wọ́n ti ṣèlérí fún un pé páànù ni àwọn yóò fi bo gbogbo agbolé, kò sì tíì sí agbolé onípáànù lápá ibẹ̀. Páànù ló tẹ̀ka sí òfin yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìdọ́gba ni.

Ṣùgbọ́n ìyá mi gbà á gbọ́. Bí a ti dé ẹ̀yìn ilé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé ìkòkò ọṣẹ kaná, ó ní kí n sọ abala kìíní fún òun. Mo sọ ọ́.

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Ṣé oúnjẹ ni mo fi há ọ lọ́nà ọ̀fun ni? Sọ ọ́ sókè, kí àwọn tó wà lójúde gbọ́."

Mo pariwo rẹ̀. Ó ń ro ọṣẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, òógùn ń já bọ́ látagbọ̀n rẹ̀ sínú ìkòkò. Ó ní, "Ìyá mi ì bá gbọ́ èyí kó tó kú." Lẹ́yìn náà ó gé ọṣẹ fún mi, èyí tó dáa jù, tí kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn, ó ní kí n lọ fi wẹ̀, pé ọmọ tó bá dọ́gba kì í rùn.

Ọdún Iléyá ló kọ́kọ́ jẹ́ kí a rí bí ìdọ́gba ṣe ń ṣe. Wọ́n pa àgbò, wọ́n gé gbogbo rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n dà á jọ pọ̀ sórí ewé. Ìyá mi dúró pẹ̀lú abọ́ rẹ̀, ó ń retí ọrùn. Ìyàwó Tíṣà ló ń bù.

Ó ní, "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, kí lẹ ń wá?"

"Ọrùn ni, ìyàwó wa."

"Ọrùn kẹ̀! Ṣé wọn ò sọ fún yín pé a ti dọ́gba ni? Àgbò wa ò lọ́rùn mọ́ o. Ẹran ni gbogbo rẹ̀ báyìí."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ó bu ìfun díẹ̀ àti eegun kan sínú abọ́ náà. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ń bínú lójú ọ̀nà, ó gbá mi létí fẹ́ẹ́, ó ní ọrùn àgbò kò pọ̀ jù láti fi ra irú nǹkan tí wọ́n kà sí wa létí yẹn.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣẹ́ kèké láti mọ yàrá tí wọn yóò kọ́kọ́ tún mọ, kèké sì mú ti ìyá mi kẹ́yìn. Kò ráhùn. Yàrá kan gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Ohun tó kù ni ọkùnrin. Àwọn yàrá tó kù lẹ́yìn ilé ní ọkùnrin. Tiwa kò ní. Opó àti ọmọbìnrin kan la jẹ́. Nítorí náà ìyá mi ró ìró rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó lọ fúnra rẹ̀.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí yìí, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹnikẹ́ni kò lé e. Láràárọ̀ ni ó ń pọnmi láti odò Ògùnpa, ó ń dà á sórí amọ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ náà pẹ̀lú àwọn ọkùnrin títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ó fi ọṣẹ sílẹ̀. Ó tẹ ẹrẹ̀ ilé Mọ́gàjí. Ó tẹ ẹrẹ̀ ilé Tíṣà, tó gùn ju gbogbo ilé lọ nítorí ó ní olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò máa gba àlejò. Lọ́jọ́ kan Bàbá Tíṣà mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá láti Òkè Bọ́lá kí wọ́n wá wo iṣẹ́. Ó nawọ́ sí ìyá mi tí ẹrẹ̀ bò dé itan, ó ní, "Ẹ wò ó! Obìnrin! Ìdọ́gba rè é!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Òun ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún, kì í ṣe ìyá mi.

Ní gbogbo àkókò yẹn ẹnikẹ́ni kò fi koríko tuntun sórí ilé ẹ̀yìn. Wọ́n ní kí la fẹ́ fi koríko ṣe nígbà tí páànù ń bọ̀. Koríko àtijọ́ ti jẹrà lórí wa. Láti orí ẹní mi ni mo ti ń rí ojú ọ̀run.

Páànù dé, wọ́n kàn án sórí gbogbo ilé títí ó fi ku tiwa. Ìkùukùu ti ń ṣú sórí Òkè Màpó. Ọjọ́ kìíní, ẹnikẹ́ni kò wá. Ọjọ́ kejì, àwọn ọkùnrin fi ọkọ́ há àjà. Ìyá mi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ọjà ní Ọjà'ba, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé nínú àgbàlá. Mo tẹ̀ lé e.

Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìpàdé o. Iṣẹ́ ti kan ilé mi."

Ọ̀dọ́kùnrin tó jẹ́ akọ̀wé wọn ní, "Ta ni ọkùnrin tí yàrá yín mú wá, Ìyá Ọlọ́ṣẹ?"

"Èmi ni mo wá."

"A rí yín. Ọkùnrin ni mo béèrè."

Ìyá mi dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹsẹ̀ mi yìí ló tẹ ẹrẹ̀ ilé tí o sùn sí lánàá. Nígbà tí mò ń tẹ ẹ́, o ò béèrè ohun tó wà lábẹ́ ìró mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àní Mọ́gàjí bo ẹnu. Ojú akọ̀wé sì pọ́n. Mo rò pé ìyá mi ti borí. Bàbá Tíṣà wá gbé ọwọ́ sókè, ẹ̀rín sì kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe sọ̀rọ̀. Títí dọ́jọ́ náà, "ìwọ" ni wọ́n ń pe ìyá mi nínú agbolé yẹn, àfi bí wọ́n bá ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ọjọ́ yẹn ni ó kọ́kọ́ fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ tọkàntọkàn. Jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, bí ẹni ń fi òróró pa ọmọ lára.

"Arábìnrin, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Iṣẹ́ àánú lẹ ṣe, Ọlọ́run yóò san án. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ òfin nítorí yín, a óò tún yẹ ẹ́ nítorí ẹlòmíràn. Kí ni yóò wá kù nínú ìdọ́gba? Ọmọ yín mọ̀wé, kó kà á fún yín, kẹ́ ẹ má bàa rò pé a rẹ́ yín jẹ."

Ó na ìwé sí mi. Mo ka abala kẹta. Mo kà á sókè bó ṣe kọ́ mi. Ọmọdé ni mí, àgbà ni òun; ẹni tó gbé ìwé lé mi lọ́wọ́ ni kó jíhìn rẹ̀.

Ìyá mi yíjú sí Mọ́gàjí. "Bàbá, ẹni tó kó ènìyàn wálé ńkọ́?"

Mọ́gàjí ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ó wo páànù tuntun tó ń dán lórí ilé rẹ̀, ó ní, "Wọ́n ní èmi náà ò ju ẹnikẹ́ni lọ mọ́, ọmọ mi. Bi Tíṣà."

Bàbá Tíṣà ní, "Arábìnrin, àṣà tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, ẹrú ló wà fún. Ẹrú nìkan ni agbolé ń bo ilé fún lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé ẹrú ni yín?"

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń fi 'ẹ̀yìn ilé' bò mọ́lẹ̀ láti ìgbà tí mo ti láyé ló gbé sílẹ̀ láàrin àgbàlá yẹn, ó ní kí ìyá mi wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e. Obìnrin tó ní kí n máa pariwo abala kìíní kí ojúde lè gbọ́. Ó wò mí. Ó wo òkè, níbi tí òjò ti dúdú. Mo mọ ohun tó ń rò, àwọn àpò eérú ni. Ó tún kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì kanlẹ̀.

"Ẹrú ni mí," ó wí. "Ẹrú yín ni mí, ọmọ ẹrú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo ilé lé mi."

Ọkùnrin kan tó ti dàgbà ní, "Ó tó, ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ bò ó kí òjò tó dé." Ó ti dìde. Àwọn méjì mìíràn ti ń tún ṣòkòtò wọn fà. Ká ní wọ́n lọ ni, mi ì bá tí kọ ohunkóhun lónìí.

Bàbá Tíṣà ní, "Ẹ dúró." Ó kọjú sí mi. "Ọmọ mi, ka abala kìíní."

Mo ka abala kìíní.

"Ẹ gbọ́," ó wí. "Kò sí ẹrú nínú agbolé yìí. Bí ẹnì kan bá ní ẹrú ni òun, a jẹ́ pé kì í ṣe ará agbolé yìí. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi yọ ara rẹ̀. Àwa kọ́ la lé e o."

Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé ni. Ẹlòmíràn ní, "Haà, Tíṣà, ìwé dára!" Ẹni tó ti dìde jókòó padà. Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀ títí wọ́n fi bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn, ọ̀rọ̀ bí wọn yóò ṣe gbẹ́ kòtò omi.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kejì. A tẹ́ ẹní lé àwọn àpò eérú, a tẹ́ aṣọ lé ẹní, èmi àti ìyá mi jókòó lé aṣọ. Ilẹ̀ ni omi gbà wọlé. Nígbà tí ó dá, àwọn àpò náà ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀, omi pupa tó yẹ kó wà nínú ìkòkò ìyá mi sì ń ṣàn lọ sí ààtàn. Ó wò ó títí ó fi ṣàn tán. Lẹ́yìn náà ó kó ìkòkò rẹ̀ jọ. Obìnrin kan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú tó ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ní kó wá máa lo àtíbàbà òun.

Ó fẹ́ mú mi lọ. Bàbá Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní abala kejì: gbogbo ọmọ jẹ́ ọmọ gbogbo wa, ọmọ náà sì mọ̀wé. Mo di ìró ìyá mi mú. Mo rò pé yóò bá a jà. Ó tú ọwọ́ mi kúrò lára ìró náà, ìka kọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹnu sí etí mi.

"Dúró tì í," ó wí. "Kọ́ ìwé tán. Kọ́ ọ débi tí ẹnikẹ́ni ò ní lè ka nǹkan tí o ò tíì kà sí ọ létí."

Ó gbé ìkòkò rẹ̀ rù, ó sì jáde. Kò tún wọ ẹnu ọ̀nà yẹn mọ́ títí ó fi kú. Bí ó bá ń lọ sí Bẹẹrẹ, ẹ̀yìn Òkè Màpó ló ń gbà yí ká, nínú oòrùn, pẹ̀lú ẹrù lórí, kó má bàa rí òrùlé wọn.

Mo kọ́ ọ tán. Nínú ilé Bàbá Tíṣà, èmi àti àwọn ọmọ rẹ̀ dọ́gba. Àwọn ń jẹun, èmi ń fọ àwo. Iṣẹ́ la pín. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ fún àlejò pé, "A ò yà á sọ́tọ̀ rárá," èmi yóò sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú àwo àlejò náà lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo di tíṣà, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ju gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ nínú ìwé. Mo mọ̀ pé ó dùn wọ́n. Ó dùn mọ́ mi títí dòní.

Ilé ìyá mi ńkọ́? Wọ́n wó o lọ́dún náà gan-an. Ibẹ̀ ni Bàbá Tíṣà kọ́ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí, níbi tí wọn yóò ti máa sọ̀rọ̀ ìdọ́gba láìsí ariwo ọmọdé. Páànù ṣẹ́ kù tó láti bò ó. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi kàn án.

Nígbà tí ìyá mi kú ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, inú ilé ẹni ni wọ́n ń sin ẹni sí láyé náà, kò sì nílé. Àwọn míṣọ́n fún mi ní àyè lẹ́yìn ọgbà wọn. Bàbá Tíṣà wá. Ó sọ̀rọ̀ gígùn lórí sàréè, ó pè é ní arábìnrin òun nínú iṣẹ́.

Ojú rẹ̀ fọ́ nígbà tó darúgbó. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí Èkó, ó wá ń ránṣẹ́ sí mi pé kí n máa wá ka ìwé àdúrà fún òun lọ́jọ́ ìsinmi. Mo ń lọ. Mi ò pa ọjọ́ kan jẹ. N óò jókòó tì í, n óò ṣí ìwé àdúrà, n óò sì ka abala kìíní fún un, láti inú orí mi, sókè ketekete.

Á ní, "Ọmọ mi, èyí kọ́."

"Òun lẹ kọ́ mi, Bàbá."

"Jọ̀ọ́, ka àdúrà."

N óò tún un kà. Lọ́jọ́ kan ó sunkún, omijé ń bọ́ lójú tí kò ríran. Mo fi aṣọ nù ún fún un dáadáa, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń rí mi tí mò ń wọlé tọ̀ ọ́ ní ọmọ tó mọ oore ni mí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò kórìíra ohun tí wọ́n ń kà lórí rédíò. Ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kà á tó dáyé, ó sì fi ọrùn àgbò àti ẹsẹ̀ rẹ̀ san án. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ní a dọ́gba, mo máa ń wo òkè. Mo fẹ́ rí ẹni tí páànù wà lórí rẹ̀ àti ẹni tó ń wo ojú ọ̀run láti orí ẹní. Bí ẹ bá ní kí olówó àti opó gbé ẹrù kan náà, ẹ ti pa opó, òfin yín ò sì ní ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́.

Lọ́ọ́yà, o ní igun kan wà nínú gbọ̀ngàn náà tí símẹ́ńtì kì í dúró sí, pé ẹ ń rẹ́ ẹ, ó ń hu funfun, ó ń ṣí, pé àwọn bíríkìlà ní ọ̀rọ̀ náà kò yé àwọn. Ó yé mi. Ibẹ̀ ni ìyá mi ń gbé ajere rẹ̀ kà. Omi eérú ọdún gbọọrọ ló wà nínú ilẹ̀ yẹn. Ẹ lè máa rẹ́ ẹ lọ.

O ní kí n kọ ọ̀rọ̀, mo ti kọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sára ògiri, ẹ fi sí i, ilé yín ni. Ṣùgbọ́n ìwọ ni kí o ka èyí, kì í ṣe àlùfáà, kì í ṣe ẹlòmíràn. Ọmọ ẹni ni í ka òfin fún ẹni. Bàbá rẹ àgbà ló fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀. Dúró sí igun yẹn, níbi tí símẹ́ńtì ti ṣí. Èmi yóò jókòó níwájú. Má ṣe kà á kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.